Ilé Àyágbé ní Agbowó: Ṣé Owó Ọdọọdún Là Ń Wá, Àbí Ogún Ọjọ́ Iwájú?

  Alága ló ní kí n sọ̀rọ̀ ní ìpàdé ẹ̀ka Ìbàdàn lórí ilé tí wọ́n fẹ́ kí ẹgbẹ́ rà ní Agbowó. Lẹ́yìn ìpàdé, àwọn ará wa kan lórí WhatsApp ní ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ń já, pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ làwọn gbọ́. Ìdí nìyí tí mo fi tún un kọ síbí. Mo fi díẹ̀ kún un, mo sì yọ àwọn ibi tí mo ti ń fi ẹnu lásán ṣeré kúrò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí ohun tó gbé wa débẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ẹgbẹ́ wa ló ń sanwó fún olùkọ́ mẹ́ta ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ìlú wa: olùkọ́ Ìṣirò, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti olùkọ́ Físíìsì. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń wá, 50,000 náírà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń gbà lóṣù. Owó náà kéré, ojú ń tì mí láti kọ ọ́ sílẹ̀. Síbẹ̀ náà, tí oṣù bá ti ń parí, akápò á bẹ̀rẹ̀ sí í pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń sin gbèsè, àwa náà á sì máa wo fóònù bí ó ṣe ń dún. Lóṣù kan báyìí, olùkọ́ Físíìsì fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé owó rẹ̀ pẹ́, ìgbà náà ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí àwọn ọmọ wọ ìdánwò WAEC. A kò gbọ́dọ̀ gbàgbé ìyẹn.

Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan dìde ní ìpàdé tó kọjá tó ní, “Ìdáwó ti sú wa, ẹ jẹ́ ká fi owó tó wà ní báńkì ra ilé akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Agbowó, kí ilé máa sanwó olùkọ́,” gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ìgbà tí mo délé ni mo mú bírò.

Kí ẹ tó bi mí pé ta ló fi mí ṣe, ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti ń bójú tó ilé ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà lókè òkun, ilé oníyàrá mẹ́jọ ní Agbowó níbẹ̀. Èmi ni mo ń gba owó ilé, èmi ni mo ń pe púlọ́ńbà, èmi náà ni wọ́n ń bú tí omi kò bá yọ.

Wọ́n ní orúkọ àdúgbò náà nìkan ti tó fún wa, Agbowó! Ẹ fara balẹ̀. Àdúgbò náà mọ bí wọ́n ṣe ń gbowó lọ́wọ́ onílé dáadáa, bó ṣe ń gbà á lọ́wọ́ ayálégbé.

Ìdí tí ilé fi ń tà níbẹ̀ kò ṣòro. Láti ọdún 1948 ni yunifásítì ti wà ní Ìbàdàn, Agbowó sì kọjú sí géètì rẹ̀ gan-an, títì nìkan ló wà láàrin wọn. Àwọn gbọ̀ngàn ibùgbé bíi Mellanby, Tedder, Kuti, Sultan Bello, Zik, Indy, Queens, Idia àti Awo kò gba gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tí kò bá rí bẹ́ẹ̀dì nínú ọgbà, yóò dá títì kọjá. Òun náà ló fà á tí àwọn ilé tí a fi iyàrá kọjú sí iyàrá, tí àwọn òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò ń gbé tẹ́lẹ̀, fi ń di sẹ́ẹ̀fù-kọ́ńtéènì lọ́kọ̀ọ̀kan. Bódìjà ní tirẹ̀, ìjọba Ìwọ̀-oòrùn ló là á kalẹ̀ bí ẹ́síteètì ní ìparí àwọn ọdún 1950; Agbowó kò rí ètò bẹ́ẹ̀. Bí owó bá ṣe dé ọwọ́ oníkálukú ló ṣe ń kọ́lé. Ẹ ó rí i nínú ọ̀nà tóóró àti gọ́tà tó dópin sẹ́yìn ilé ẹlòmíràn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Iye tí mo fẹ́ lò yìí kì í ṣe iye ilé tí wọ́n fi lọ̀ wá, mo kàn fi ń ṣe àpẹẹrẹ ni, kí ẹnikẹ́ni má lọ pe éjẹ́ǹtì pé mo tú àṣírí. Ká sọ pé ilé kan ní sẹ́ẹ̀fù-kọ́ńtéènì mẹ́wàá, 45 mílíọ̀nù náírà ni wọ́n ń tà á, 300,000 náírà sì ni yàrá kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Mẹ́wàá lọ́nà 300,000, mílíọ̀nù mẹ́ta náírà nìyẹn lọ́dún. Ibẹ̀ ni éjẹ́ǹtì máa ń dúró sí. Yóò ní, “Alàgbà, mílíọ̀nù mẹ́ta lọ́dún láìjáde nílé!” Á sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n tẹ̀síwájú láti ibi tó dúró sí. Kò sí ọdún tí gbogbo yàrá ń kún, tí gbogbo èèyàn sì ń san. Ẹ yọ yàrá kan: 300,000. Kíátékà tó ń tan ẹ̀rọ omi tó sì ń gbálẹ̀, 20,000 lóṣù, 240,000 nìyẹn. Àtúnṣe, ìyẹn ọ̀dà, páànù tó ń jò, ilẹ̀kùn, páìpù, ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ilé sílẹ̀ fún un: 300,000. Ẹ fi 150,000 sílẹ̀ fún sókàwéè tí wọ́n ń fà àti ẹ̀rọ bọ̀hóòlù tó ń jóná. Owó orí, owó ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn ohun wẹ́wẹ́: 110,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,100,000. Ohun tó kù sọ́wọ́ wa jẹ́ 1,900,000.

Ẹ wá gbé e kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ owó olùkọ́. Olùkọ́ mẹ́ta, 50,000 lóṣù, oṣù méjìlá: 1,800,000. Ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún náírà péré ló ṣẹ́kù lórí ilé tí a fi 45 mílíọ̀nù rà. Tí páànù bá ṣí lọ́dún kan, olùkọ́ kan kò ní gbowó. Tí ẹ bá sì pín 45 mílíọ̀nù sí 1,900,000, ọdún mẹ́tàlélógún àti oṣù díẹ̀ ni kí owó tí a kó síbẹ̀ tó padà tán. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a jókòó ní ìpàdé lọ́jọ́ náà, ẹ má bínú, a lè má sí níbẹ̀ láti kà á.

Ẹnìkan bi mí léèrè, pé kí ló dé táwọn èèyàn fi ń ra ilé tó bá rí bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè gidi ni. Lọ́dún 2024, ìwé ẹ̀yáwó ìjọba tí wọ́n ń pè ní Treasury Bills san ju 20 lórí ọgọ́rùn-ún lọ láwọn ìgbà kan. Kódà ká ní 15 péré ló san, 45 mílíọ̀nù yóò mú 6,750,000 wá lọ́dún, kò ní béèrè kíátékà, kò sì ní béèrè páànù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024 yẹn kan náà, ọ̀wọ́n gógó ọjà ti ju 34 lórí ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹni tó gba èrè 20, owó rẹ̀ pọ̀ sí i lójú, ó sì dínkù lọ́jà. Owó inú ìwé kì í dàgbà. Ilé ní tirẹ̀, bí sìmẹ́ńtì ṣe ń gbówó lórí, bẹ́ẹ̀ ni iye tí ẹlòmíràn yóò fi kọ́ irú rẹ̀ ń gòkè, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ń gòkè jù ú lọ. Ẹni tó ra ilẹ̀ sí Agbowó ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn kò rántí iye tó rà á mọ́, ẹ̀rín ló ń fi rín.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nìyí, torí òun ló ń da ìjíròrò wa rú. Èrè méjì ni ilé ní. Ọ̀kan ni owó tó ń wọlé lọ́dọọdún. Èkejì ni iye tí ilé fúnra rẹ̀ ń pọ̀ sí. Ní Agbowó, èkejì ló sanra, èkíní gbẹ. Olùkọ́ Físíìsì sì wà lábẹ́ èkíní. A kò lè gé ògiri kan lára ilé tó ti di 70 mílíọ̀nù ká gbé e fún un ní ìparí oṣù.

Ẹ̀yin ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston, ìṣirò tiyín tún yàtọ̀ díẹ̀. Mílíọ̀nù kan náírà owó ilé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí dọ́là ń lọ ní nǹkan bí 460 lọ́wọ́ ìjọba, lé ní 2,100 dọ́là. Nígbà tí dọ́là dé 1,500 lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mílíọ̀nù kan náà di nǹkan bí 667. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìbínú pè mí lọ́dún yẹn, ó rò pé mo ń jẹ lára owó òun. N kò jẹ kọ́bọ̀. Ẹ ó rí i pé ẹni tó bá fi dọ́là ra ilé ní Nàìjíríà láti máa fi owó rẹ̀ gbọ́ bùkátà ní òkè òkun ti gbé ẹrù tó wúwo. Ẹni tó fẹ́ kí owó náà ṣiṣẹ́ nílé lábẹ́ òrùlé tirẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sàn.

Nǹkan kejì tí éjẹ́ǹtì kò ní sọ fún yín ni ìyanṣẹ́lódì. Ilé akẹ́kọ̀ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò gbé e. Lọ́dún 2020, láti oṣù Kẹta títí di ìparí oṣù Kejìlá, ASUU wà lórí ìyanṣẹ́lódì, kòrónà sì tún ti ilẹ̀kùn gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ pa. Lọ́dún 2022, ọjọ́ 14 oṣù Kejì ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ni wọ́n dá a dúró. Oṣù mẹ́sàn-án, lẹ́yìn náà oṣù mẹ́jọ, oṣù mẹ́tàdínlógún láàrin ọdún mẹ́ta tí kò pé. Ẹ lè ní ọdọọdún ni akẹ́kọ̀ọ́ ń sanwó, kí ló kan onílé? Mo rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí wọ́n padà dé, ọmọ kan tó jẹ́ jẹ́jẹ́ jù nínú wọn kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní, “Dádì, ọdún kan ni mo san, mi ò gbé oṣù mẹ́rin pé. Ẹ bá mi wò ó.” Kí ni mo fẹ́ sọ? Bàbá rẹ̀ ní Ṣakí kò ní owó méjì. Mo fún un ní oṣù mẹ́ta lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn yòókù gbọ́, mo sì fún wọn náà. Yàrá méjì kò rí ẹni gbé e rárá lọ́dún yẹn. Ẹlẹ́yinjẹ̀bẹ̀ tó wà ní ìta wa, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń rà lọ́wọ́ rẹ̀, kó lọ sí Ọ̀jọ́ọ̀.

Nítorí náà, tí a bá fẹ́ rà, ẹ jẹ́ ká ra ilé tí òṣìṣẹ́ báńkì, nọ́ọ̀sì UCH tàbí tọkọtaya tuntun náà lè gbé. Rúmù-ẹ́n-pálọ̀ tàbí míní-fúláàtì mẹ́rin tàbí márùn-ún sàn fún wa ju sẹ́ẹ̀fù-kọ́ńtéènì mẹ́wàá tí ihò rẹ̀ dà bí ti àdàbà. Owó rẹ̀ lójú ìwé lè kéré díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní gbẹ lọ́jọ́ tí àwọn olùkọ́ yunifásítì bá bínú. Lẹ́yìn náà, Ajíbọ́dé náà ti ń kún fún ilé akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn ọgbà. Agbowó nìkan kọ́ ni ọjà mọ́.

Ọ̀rọ̀ omi ńkọ́? Ẹ̀yin àgbà kò ní gbàgbé Ògùnpa ọdún 1980. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ á rántí ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, tí òjò wákàtí díẹ̀ wó ilé àti afárá káàkiri Ìbàdàn, tó sì wọ inú ọgbà yunifásítì fúnra rẹ̀. Ilé tó bá wà ní ẹsẹ̀ odò lápá Òrógùn máa ń pọ́n lówó, ọ̀dà rẹ̀ sì máa ń tuntun. Ẹ béèrè ìdí tí ọ̀dà fi tuntun láti ìsàlẹ̀ dé ibi ojú fèrèsé nìkan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n máa ń mú wa lọ wo irú ilé bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ìwé ilé, torí ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ti dé, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, ẹni tó ní C of O kò sì lè gbé e fún ẹlòmíràn lábẹ́ òfin láìgba àṣẹ gómìnà. Rìsíìtì ẹbí àti sọ́fè nìkan kò tó. Ẹ lọ wádìí ní ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ilẹ̀ ní Sẹkiteríàtì Agódi kí kọ́bọ̀ tó kúrò ní báńkì. Tí ẹni tó ń tà á bá jẹ́ ọmọ olóògbé, ẹ béèrè iye ìyàwó tí bàbá fẹ́ àti iye ọmọ tó bí, kí gbogbo wọn sì fọwọ́ sí i. Àgbà tó bá ní “ẹ fi wọ́n sílẹ̀, èmi ni olórí ẹbí,” ẹ kí i dáadáa, kí ẹ máa lọ.

Àwa náà ńkọ́, orúkọ ta ni yóò wà lórí ìwé? Mo gbọ́ ní ìpàdé pé kí a fi ti alága, akọ̀wé àti akápò síbẹ̀ “fún ìgbà díẹ̀.” Rárá o! Mo mọ ẹgbẹ́ ìlú kan tó ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìlú wa. Àgbà mẹ́ta tó fọwọ́ sí ìwé ti kú, olóòótọ́ ni wọ́n. Ọmọ ọ̀kan nínú wọn rí ìwé nínú àpótí bàbá rẹ̀, ó rí orúkọ bàbá rẹ̀, ó ní ilé bàbá àwọn ni. Kò purọ́ lójú ara rẹ̀. Wọ́n ṣì wà ní kóòtù. Lábẹ́ òfin CAMA ọdún 2020, ẹgbẹ́ bíi tiwa lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, kí ó ní àwọn alábòójútó tí wọ́n ń pè ní Incorporated Trustees, kí ilé sì jẹ́ ti ẹgbẹ́ láìka ẹni tó kú tàbí ẹni tó kó lọ. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, a ò tíì ṣe é. Ọdún mélòó la ti ń sọ ọ́?

Lórí àwọn ayálégbé, n kò ní pẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé onílé lè yọ páànù tàbí kó ẹrù ayálégbé síta. Ẹni tó ń san lọ́dọọdún, ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà ló tọ́ sí i, àyàfi tí àdéhùn bá sọ ohun mìíràn. Ẹni tó ń san lóṣooṣù, oṣù kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwé ọjọ́ méje, lẹ́yìn náà ni kóòtù. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ẹ sì máa fún wọn ní rìsíìtì, torí lábẹ́ òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2026, òṣìṣẹ́ lè fi ìdá 20 lórí ọgọ́rùn-ún owó ilé tó san dín owó orí rẹ̀ kù, tí kò bá ju 500,000 lọ. Wọn yóò béèrè rìsíìtì ọ̀hún lọ́wọ́ yín.

Àwọn tí ẹ̀rù wọn ń bà mí ju àlejò lọ ni àwa fúnra wa. Ẹ ó rí i, ọ̀sẹ̀ tí a bá ra ilé náà, ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹnìkan á gba admíṣọ̀n sí UI. “Ọmọ ìlú ni, ẹ fi ìdajì gbà á.” Tí a bá ṣe é fún ọ̀kan, a ó ṣe é fún mẹ́wàá, ilé á kún fún ọmọ ìlú, olùkọ́ á sì máa dúró lẹ́nu ọ̀nà akápò. Ohun tí mo dá lábàá ni pé kí a kọ ọ́ sínú òfin ẹgbẹ́ pé kò sí ẹ̀dínwó fún ẹnikẹ́ni, ọmọ tèmi náà wà níbẹ̀.

Ẹnìkan fi Cocoa House dá mi lóhùn nípàdé. Ó ní owó kòkó ni àwọn bàbá wa fi kọ́ ọ, ó sì ń mú owó wá dòní. Òótọ́ ni. Ọdún 1965 ni wọ́n ṣí i ní Dùgbẹ̀, àjà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, Odù'a ló wà lọ́wọ́ wọn báyìí fún àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n bí látara Ìwọ̀-oòrùn àtijọ́. Ṣùgbọ́n ẹ parí ìtàn náà. Lọ́dún 1985, iná jó o, ó di ọdún 1992 kí wọ́n tó tún un ṣí. Ọdún méje. Ilé-iṣẹ́ ńlá tó ní ohun ìní mìíràn lè dúró ọdún méje. Ẹgbẹ́ tó ní ilé kan ṣoṣo àti olùkọ́ mẹ́ta kò lè dúró ọ̀sẹ̀ méje.

Ohun tí mo bẹ̀ yín láti ṣe rèé, ẹ lè ṣàtakò sí i. Ẹ má jẹ́ ká kó gbogbo owó sínú bíríkì. Ẹ jẹ́ ká fi apá kan sí Treasury Bills, kí èrè rẹ̀ máa san owó olùkọ́ láti oṣù tó ń bọ̀, kì í ṣe láti ìgbà tí a bá ráyè kun ilé. Ẹ jẹ́ ká fi èyí tó kù wá ilé kékeré, tàbí ilẹ̀ tó ní ìwé tó mọ́, ká sì mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ti olùkọ́, ti ìlú ní ogún ọdún ni. Owó tó bá wọlé láti ibẹ̀, ká fi tún ilé náà ṣe títí tí yóò fi lágbára. Kí a sì forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ná, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan sọ̀wédowó.

Alága ti yan èèyàn márùn-ún láti lọ wo ilé tí wọ́n fi lọ̀ wá. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n má lọ títí òjò ńlá kan yóò fi rọ̀, kí wọ́n sì wọ bàtà òjò lọ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Lọ́yà tàbí sọ́fíọ̀ tó bá wà nínú yín, tó lè bá wọn lọ láìgbowó, kí ó fi orúkọ ránṣẹ́ sí akọ̀wé. Ẹni tó bá sì ti jẹ gbèsè owó oṣù méjì tó kọjá, akápò ní kí n bá òun rán yín létí. Owó olùkọ́ oṣù yìí kò tíì pé, ó ku 40,000.